Ta Ló Kanlẹ̀kùn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi àgbà léèrè iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe, ẹ rọra. Àgbà tí ẹ ń bi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n jù yín lọ. Ó kàn ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀ tán ni. Èmi tí mò ń kọ eléyìí fi ohun tó lé ní ogójì ọdún jẹun lórí iṣẹ́ kan tí kò sí mọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Nígbà tí mo lọ gba káàdì ìdánimọ̀, akọ̀wé bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo ní, "Ògbufọ̀ fíìmù." Ó wò mí títí, ó wá kọ "àgbẹ̀" síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Kí tẹlifíṣọ̀n tó di ti gbogbo ilé, ilé fíìmù kan wà ní Ìlá níbí, gbọ̀ngàn gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò, tí Alhaji kan tó ń ta sìmẹ́ńtì kọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fíìmù Íńdíà ń wá síbẹ̀, ti Ṣáínà ń wá, ti òyìnbó ń wá. Àgbẹ̀, télọ̀, awakọ̀ àti àwọn ìyàwó wọn ló ń wò ó. Àárín àwọn tó wà nínú fíìmù àti àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ògbufọ̀ wà. Yóò dúró lápá òsì aṣọ funfun, máìkì lọ́wọ́, yóò máa fi ohùn ilé wa sọ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ìyá arúgbó lè gbọ́. Bí oníjà bá ń bú oníjà, èmi ni mo ń bú u. Bí ọmọge bá ń sunkún, èmi géńdé ni mo ń sọ pé, "Olólùfẹ́ mi, má fi mí sílẹ̀." Ohùn Ìgbómìnà ni mo fi ń ṣe é nígbà náà. Yorùbá inú ìwé ni mo fi kọ eléyìí, kí àwọn ará Ìbàdàn má baà sọ pé mo ṣépè fún wọn.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń dúró de yunifásítì, yunifásítì ń dúró dè mí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ọ̀gá ògbufọ̀ wá ń wá ọmọṣẹ́. Ní ti owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́, ká má dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀gá mi yìí ti túmọ̀ ìwàásù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ti fíìmù, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì: kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan máìkì. Ibi tó ti ń kọ́ mi níṣẹ́ kò ju iwájú ilé rẹ̀ lọ, níbi tí fọkanáísà kan ti ń lẹ táyà. Àwọn oníbàárà fọkanáísà náà kì í lọ láìjà. Ọ̀gá á ní kí n máa túmọ̀ ìjà wọn sí Gẹ̀ẹ́sì fún òun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Ọkùnrin yìí ń fi ìbínú sọ pé..."

Kó! Ìkúùkù balẹ̀ sí àtàrí mi.

"Ṣé ó sọ fún ọ pé òun ń bínú?"

"Rárá, sà. Mo rí i lójú rẹ̀ ni."

"Àwọn tí ò ń túmọ̀ fún, ṣé afọ́jú ni wọ́n? Sọ tẹnu rẹ̀, fi tojú rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn."

Ó ní ògbufọ̀ dà bí ọ̀pá omi ẹ̀rọ. Omi tó wọlé ni kó jáde. Bí ọ̀pá bá fi ìdógùn-ún tirẹ̀ kún un, inú ni yóò máa run aráyé. Ó tún ní òfin kan tó fi ṣe olórí gbogbo òfin: "Ibi tí fíìmù bá ti pa ẹnu mọ́, pa tìrẹ náà mọ́."

Òfin yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Àṣà ilé fíìmù wa ni pé bí fíìmù bá tán, wọ́n á tan iná, ògbufọ̀ á dúró síbẹ̀, àwọn èèyàn á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ló dé tí bàbá náà fi ta ilẹ̀? Ṣé ìyá ọmọ yẹn ló fún un ní májèlé? Ohun tí fíìmù bá fi hàn, ọ̀gá á sọ ọ́. Ohun tí kò bá fi hàn, ọ̀gá á ní, "Kò sọ fún mi." Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Kò-sọ-fún-mi ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà, títí kan ìyàwó rẹ̀ bí inú bá bí i. Kò dùn ún. Èmi ló dùn. Mo fi ọkàn mi búra pé kò sẹ́ni tí yóò pè mí bẹ́ẹ̀ láyé.

Yunifásítì wá dìde, mo lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, wọ́n sì fi eré orí ìtàgé ṣe ẹran ọbẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé fíìmù tí kò parí dáadáa ló dára jù lọ. Wọ́n ní òpin tí kò yé ẹnikẹ́ni ni àmì ọgbọ́n. Mo kọ ojú ewé ogún lórí ọ̀kan nínú irú rẹ̀, olùkọ́ mi sì fún mi ní máàkì tó ga, nítorí pé ohun tí mo kọ kò yé òun náà. Bàbá mi ń retí lọ́yà. Èmi ni ó rí gbà.

Nígbà tí mo fi máa padà dé Ìlá, etí ọ̀gá mi ti ń di. Ó fa máìkì lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó fún ọmọdé ní ọ̀bẹ. Irinṣẹ́ pàápàá ti yí padà. Láyé ẹ̀rọ sinimá tó ń ká fíìmù bí òwú, ẹ̀ẹ̀kan ni ògbufọ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀, á sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò ráyè gbéraga. Ìgbà tí fídíò dé, mo lè gba kásẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ní pálọ̀ Alhaji, kí n wò ó, kí n dá a padà, kí n ronú sí i. Ríronú yẹn ló bà mí jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà bíi ti obìnrin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwe sẹ́nu ará Ṣáínà. Ẹ̀rín ń pa gbọ̀ngàn. Wọ́n sọ mí ní Alátùúmọ̀, mo sì ń rìn nígboro bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ìtẹ́ náà kò kàn tètè dé ni.

Ó dé lọ́jọ́ kejì Iléyá kan, lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ti Òkè-Ìlá wá, wọ́n ti Ire wá, aṣọ tuntun lọ́rùn wọn, ẹran láàárín eyín wọn. Ọ̀gá mi náà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ há ẹsẹ̀. Fíìmù tí Alhaji gbé wá kì í ṣe ti Íńdíà. Ìlú òyìnbó kan tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn náà kò le. Obìnrin kan ń gbé etí òkun. Ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ọdún gorí ọdún, kò dé, kò ránṣẹ́. Ọkùnrin mìíràn, onísùúrù, ní òun yóò fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí kọ̀ títí, ó wá gbà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń retí kí ọkùnrin náà wá kó o lọ. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ó dìde, ó ṣí i, ìmọ́lẹ̀ kún ojú rẹ̀. A kò rí ẹni tó wà níta. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Mo ti wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ tó lọ. Ó lè jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó lè jẹ́ aládùúgbò tó fẹ́ tọrọ iyọ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni mo kọ ojú ewé ogún lé lórí.

Gbọ̀ngàn dàrú. "Ó ti tán kẹ̀?" "Alhaji, wọ́n ti gé kásẹ́ẹ̀tì yìí!" Wọ́n tan iná. Lápá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí, ẹnì kan dìde, kò tíì ju ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, òwú funfun lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀ bíi ti télọ̀. Ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, Alátùúmọ̀, ta ló kanlẹ̀kùn?"

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi wà ní góńgó ahọ́n mi. Bí mo ṣe ya ẹnu, oníyẹ̀yẹ́ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ má bi í o! Kò-sọ-fún-mi kékeré nìyẹn!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ara mi gbóná. Mo gbé máìkì sẹ́nu.

"Ọkọ rẹ̀ ni!" ni mo wí. "Ọkọ rẹ̀ ló dé láti orí òkun! Ìyà ti jẹ ẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn dé àyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ìyàwó mi, ṣé o ò tíì lọ? Ìyẹn ni pé o dúró dè mí!'"

Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù. Alhaji ń mi orí bí alángbá. Obìnrin tó béèrè rọra jókòó, ó fi ìborùn bo ojú. Mo rò pé fíìmù ló dùn mọ́ ọn. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, bẹ́ǹṣì ọ̀gá mi ti ṣófo.

Mo lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ wá.

"Ta ló fi irùngbọ̀n hàn ọ́?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi sọ.

"Sà?"

"Ọkùnrin tó kanlẹ̀kùn. O ní irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Apá ibo lo dúró sí tí o fi rí i?"

"Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ ni mo sọ fún wọn, bàbá. Inú wọn dùn."

"Inú ẹni tí wọ́n fún lógógóró náà dùn. Ẹyin lohùn, ọmọ yìí. O ti sọ tìrẹ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀, o ò ní sí níbẹ̀ láti rí i."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nínú ikùn mi, mo ń sọ pé ìlara ló ń ṣe é. Kò wá sí ilé fíìmù mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo wọ bọ́ọ̀sì Òkè-Ìlá. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó dá mi dúró. Alíù lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó fi díẹ̀ jù mí lọ.

"Ẹ̀yin kọ́ ni Alátùúmọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn. "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Ẹ fi máìkì gbà á."

Ó wá ṣàlàyé. Obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, Sìkírá ni orúkọ rẹ̀, télọ̀ ni ní Ire. Nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Àbíjáàn láti ọdún mẹ́fà, kò sí lẹ́tà, kò sí àroko. Ààfáà ti ní kò sí èèwọ̀ mọ́, ó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Sátidé tó tẹ̀lé Iléyá náà ni wọn ì bá so yìgì òun àti Alíù. Ó wá wo fíìmù, ó padà sílé, ó tú ẹrù tó ti dì.

"Ó ní bí òun bá lọ tán, tí ọkọ òun wá kanlẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, fíìmù lásán ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ẹni tó kàwé ló sọ ọ́."

Ó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń pe èrò.

Ẹ gbọ́ ibi tí àbámọ̀ mi wà gan-an. Àṣìṣe ọjọ́ Iléyá, mo lè sọ pé ìgbà èwe ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Alíù bá mi sọ̀rọ̀, Sìkírá kò tíì ju ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ, Alíù kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kadà yóò gbé mi dé Ire kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú mi. Gbólóhùn kan ni n ó sọ. N kò lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni yunifásítì pè mí sí ìpàdé àwọn onímọ̀, pé kí ògbufọ̀ ìbílẹ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí òpin fíìmù tí a kò sọ tán. Mo de táì. Mo fi wákàtí kan sọ bó ṣe yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ohun tí fíìmù fi pamọ́. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ayé ṣe ń yí ni iṣẹ́ ń yí. Kásẹ́ẹ̀tì di pálétí sídíì, pálétí wọ ilé kálukú. Bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì wá lé fíìmù jáde ní gbọ̀ngàn Alhaji, bọ́ọ̀lù kò sì nílò ògbufọ̀. Ariwo kan náà ni gbogbo èdè ń pa. Mo ń bá àwọn onífíìmù Yorùbá kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fíìmù wọn. Ọ̀kan pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, òótọ́ ni ìyá náà sọ pé 'jókòó,' ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé a náwó." Mo bá a ṣe é kí ó le. Ní ìkẹyìn, fóònù ń túmọ̀ fúnra rẹ̀. Mo kó ìwé mi, mo fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ṣe ayẹyẹ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi fi fíìmù kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé òun lẹ máa ń sọ yẹn?" Òun ni, ó mọ́ ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mo wo òpin rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo gbé e súnmọ́ ojú, mo ń wá irùngbọ̀n.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe lákáǹlákàǹ tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Mo gba ọ̀kadà lọ sí Ire. Alíù ti fẹ́ ẹlòmíràn tipẹ́, ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ó sì ti kú. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá Sìkírá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Àbíjáàn, tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Ẹni tó júwe ilé fún mi sọ pé àbúrò Sìkírá kọ́ ilé sétí títì, ó fún un ní yàrá àti ṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀, kò lọ. Ó ní bí ọkọ òun bá dé, ta ni yóò júwe ilé tuntun fún un?

Mo kí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbọ́ ohùn mi, ó sì mọ̀.

"Alátùúmọ̀. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

"Ẹ dá mi mọ̀?"

"Ojú yín kọ́. Ohùn yín ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá mi gbé níbí."

Mo jókòó. Mo ní mo gbé nǹkan kan wá kí ó wò. Ó wọ awò rẹ̀ padà, ó gba fóònù. Ó rí obìnrin náà lórí ẹrù rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ó rí ìmọ́lẹ̀. Ó wo orúkọ tó ń gòkè títí ó fi tán.

"Irùngbọ̀n dà?"

"Kò sí."

"Ẹ ní ó dé àyà."

"Èmi ni mo fi sí i."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo Iléyá ni mò ń rán bùbá kan pamọ́ fún un," ni ó wí. "Mo máa ń gé ọrùn rẹ̀ kí ó gbòòrò, kí irùngbọ̀n má baà há a."

Ó na fóònù sí mi.

"Ẹ dá a padà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bó ṣe yẹ kí ẹ ti ṣe é lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe é."

Mo dìde; ògbufọ̀ kì í jókòó. Mo gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo dúró lápá òsì rẹ̀.

"Wọ́n kanlẹ̀kùn," ni mo wí. "Obìnrin náà dìde lórí ẹrù rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé."

"Ta ló kanlẹ̀kùn?"

Pípẹ́ ló pẹ́, akólòlò pe baba.

"Kò sọ fún mi."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nù ún, ó sì ń nù ún lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ́.

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin," ni ó wí, ó sì fa ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Òun lẹ ò rí sọ."